Ta Ló Gbé Àdìrẹ Lọ sí Guangzhou?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu gbogbo èèyàn báyìí: "Àwọn ará Ṣáínà ti jí àdìrẹ wa." Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹ ó gbọ́ ọ ní Balógun l'Ékòó, ẹ ó sì rí i lórí Instagram nígbàkígbà tí ẹnìkan bá gbé àwòrán aṣọ síta tó ní ká bá òun wò ó bóyá ojúlówó ni. Wọ́n á bú Ṣáínà, wọ́n á bú ìjọba, wọ́n á bú kọ́sítọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwa tí a ń kọ èyí kò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé aṣọ náà ò sí o. Ó wà, ó ti kún ọjà. Ohun tí a kò gbà ni pé wọ́n jí i. Olè a máa wá sílé ẹni ni. Ta ló rí ará Ṣáínà kan tó wá lúgọ sídìí ìkòkò aró ní Kémta, tó ń wo bí àwọn ìyá aláró ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ bátànì sára aṣọ? Aṣọ ló lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. Ẹnìkan ló ká a, tó kì í sínú báàgì, tó wọ bàlúù n'Íkẹjà, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Guangzhou, tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, tó wá sọ pé: "Irú èyí ni mo fẹ́. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀ o." Ẹni yẹn kì í ṣe ará Ṣáínà. Ọmọ wa ni. Àwọn àgbà ti wí tiwọn tẹ́lẹ̀: bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́hùn-ún, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe "Ṣáínà" bí ẹni pé orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ná ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Canton Fair ní Guangzhou, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, èkíní bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin, èkejì nínú oṣù kẹwàá. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, ìpele kẹta sì ni àwọn aláṣọ máa ń pàtẹ. Ẹni tí kò bá bá ọjà yẹn pàdé lè lọ sí Zhongda, ọjà aṣọ tó wà nínú Guangzhou kan náà, tàbí kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Keqiao ní Shaoxing, níbi tí aṣọ ti pọ̀ débi pé ojú á máa ṣe èèyàn bàìbàì. Ẹni tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì àti nǹkan wẹ́wẹ́ á gba Yiwu lọ. Ní gbogbo ibi tí a kà sílẹ̀ yìí, àwọn tó ń tajà ò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ìbàdàndùn àti Olókun. Wọn ò mọ̀ pé òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà lára Ìbàdàndùn, kò sì kàn wọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa bi yín: Yáàdì mélòó? Irú aṣọ wo? Èló lẹ fẹ́ san?

Tí ẹ bá ti dáhùn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ya àwòrán aṣọ tí ẹ gbé wá sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á yọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wọ́n á ṣe rólà kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ á wá máa gba abẹ́ àwọn rólà náà kọjá bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn. Ibi tí ìda ti sán lára aṣọ tí ìyá aláró fọwọ́ ṣe, tí aró fi ráyè wọlé bí iṣan ara, ẹ̀rọ á tẹ ìyẹn náà. Ibi tí ọwọ́ ìyá ti yẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tẹ ìyẹn mọ́ ọn, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ láti yáàdì àkọ́kọ́ dé yáàdì ìkẹyìn. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń gbowó ni pé kí ẹ san ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀, kí ẹ san 70 tó kù kí ẹrù tó kúrò. Ó di inú kọ̀ńténà, ó di Àpápá tàbí Lẹ́kí. Nígbà tó bá fi máa dé Balógun, orúkọ ti ń dúró dè é: "Àdìrẹ Abẹ́òkúta, original."

Ẹ wò ó dáadáa. Níbo ni olè ti wọlé nínú ìrìn àjò yìí? Ilé iṣẹ́ tó tẹ aṣọ kò pè é ní àdìrẹ Abẹ́òkúta. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ nílé níbí.

Ẹni tó ń ta ọjà fún yín lókè òkun kì í ṣe ọ̀tá yín, kì í sì ṣe ọ̀rẹ́ yín. Oníṣẹ́ ni. Ohun tí ẹ bá ní kó ṣe ló máa ṣe. Ìlú kan náà tí wọ́n ti ń ṣe ọjà tó ń lọ sí Jámánì àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó ń bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ ronú nípa wáyà iná tí a máa ń kì bọ ògiri, tó máa ń gbóná tí á sì máa rùn bíi rọ́bà tó ń jóná. Wọn ò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kan jókòó, ó ní owó ti pọ̀ jù, oníṣẹ́ ní kò burú, òun lè dín bàbà inú ẹ̀ kù, oníbàárà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Nítorí irú ẹrù báyìí ni àjọ SON fi gbé ètò SONCAP kalẹ̀ ní ọdún 2005, pé kí wọ́n máa yẹ ọjà wò kó tó kúrò nílùú tí wọ́n ti ṣe é. Ìwé àṣẹ dára, ṣùgbọ́n kò sí ìwé àṣẹ tó lè jókòó lórí àga yẹn dípò yín. Ẹni tó wà lórí àga ló lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun la dojú ọ̀rọ̀ wa kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ sódì o. A ò bú ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ rajà. Ọmọ oníṣòwò ni wá. Ìran tó bí Òṣómàáló, tó ń gbé aṣọ ká ìgbèríko, tó ń tà á láwìn, tó tún ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi san án, ìran yẹn ló bí wa. Àwọn màmá wa tó ń ná Kútọ̀nù àti Lomé, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń ná Dúbáì àti Istanbul, alájàpá ni gbogbo wọn, ọwọ̀ wọn sì wà lára wa. A mọ ohun tí ojú wọn ń rí. A mọ̀ pé tí ẹ bá dé Ṣáínà, WhatsApp ò ní ṣí, Google ò ní ṣí, WeChat nìkan lẹ ó máa lò bí ẹ ò bá tètè wá ọgbọ́n ẹ̀ ṣe kí ẹ tó kúrò nílé. A mọ̀ pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, owó tó ń kó kọ̀ńténà kan wọlé tẹ́lẹ̀ kò kó ìdajì ẹ̀ mọ́. A sì fara mọ́ ọn pé kí èèyàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sàn ju kó jókòó sílé, kó máa fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí nítorí pé àwòrán inú fóònù dára. Ẹni tó lọ máa fọwọ́ kan ọjà. Á rí ilé iṣẹ́ bóyá ó wà lóòótọ́.

Nítorí náà, ìjà wa kì í ṣe pẹ̀lú ìrìn àjò. Ohun tó wà nínú báàgì nígbà tí ẹ ń lọ, àti ohun tó wà nínú kọ̀ńténà nígbà tí ẹ ń bọ̀, ìyẹn la fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn kan máa ń fẹ́ ká gbà gbọ́ pé nígbà àtijọ́, gbogbo nǹkan ara àdìrẹ, ilé níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Irọ́ ni. Nígbà tí òwò àdìrẹ gbilẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, aṣọ funfun tí wọ́n ń pa láró, láti Manchester ló ti ń wá, inú ọkọ̀ ojú omi ló bá dé. Aṣọ òkè òkun ni. Àmọ́ funfun ló dé. Kò sí nǹkankan lára ẹ̀. Ọwọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gàlì àti láti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ń wá sí Abẹ́òkúta wá ra àdìrẹ ní òsùṣù, wọ́n ń kó o lọ sílé lọ tà. Ẹ jẹ́ kó yé yín: nígbà yẹn, Abẹ́òkúta ni Guangzhou. Ọ̀dọ̀ tiwa ni àwọn èèyàn ń rìnrìn àjò wá láti wá rajà.

Àwọn aláró yẹn ò bẹ̀rù ohun òkèèrè rárá. Nígbà tí sóódà àti aró òyìnbó dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á mọ́ ẹ̀lú tí wọ́n ń gún, torí pé ó ń mú iṣẹ́ yá. Ní àwọn ọdún 1930, tí ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de sóódà àti aró òyìnbó náà, pé wọ́n ń ba àdìrẹ jẹ́. Ọ̀pọ̀ aláró ò gbà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí wọ́n jẹ́ káwọn fúnra àwọn yan irinṣẹ́ tí àwọn máa lò. Wọ́n mọ̀ pé irinṣẹ́ lè wá láti ibikíbi. Iṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Oríṣi kọ̀ńténà méjì ló ń ti òkè òkun wọlé. Ọ̀kan ń kó iṣẹ́ wá bá ọwọ́ wa: aṣọ funfun, aró, irinṣẹ́, ẹ̀rọ. Èkejì ń kó iṣẹ́ tí ọwọ́ wa ti mọ̀ ọ́n ṣe kúrò lọ́wọ́ wa, ó sì tún ń tà á padà fún wa. Owó orí ibodè lè jẹ́ bákan náà. Èrè tí oníṣòwò jẹ lè jẹ́ bákan náà lọ́dún àkọ́kọ́. Àmọ́ ọ̀kan ń bọ́ ìlú, ọ̀kan ń jẹ ìlú.

Ẹ ka iye ọwọ́ tó wà lára àdìrẹ kan. Ẹnìkan ta aṣọ funfun. Ẹnìkan fi ikó so ó, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ rán an, tàbí kó po ẹ̀kọ kó fi kọ ọ́, tàbí kó fi ìda gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bí àwọn oníkàǹpálà ṣe ń ṣe. Ẹnìkan po aró, ó rì í, ó yọ ọ́, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó tún rì í. Ẹnìkan tú okùn tàbí kó họ ẹ̀kọ dànù. Ẹnìkan fọ̀ ọ́, ó sá a. Ẹnìkan lù ú títí ó fi dán. Ẹnìkan gbé e lọ sọ́jà. Kọ̀ńténà aṣọ títẹ̀ kan ṣoṣo ti rọ́pò gbogbo wọn, ó ku ẹni tó gbé e lọ sọ́jà. Òun náà, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ẹni tí a ń wí yìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ìyá ọ̀rẹ́ yín ni, tó fi owó aró san owó ilé ìwé. Nígbà tí ọjà ò bá yá fún un lọ́dún mẹ́ta, kò ní kọ́ ọmọ ẹ̀ níṣẹ́ náà mọ́. Á ní kó lọ máa ta káàdì fóònù. Nígbà tí ìyá bá sì papò dà, ọwọ́ tó mọ Ìbàdàndùn kọ láìwo ìwé ti lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Guangzhou á ṣì ní àwòrán ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ rò ó wò: àwọn ọmọ wa á wá máa rìnrìn àjò lọ Ṣáínà lọ kọ́ bí Ìbàdàndùn ṣe rí.

A ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún wa, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa rí.

Wọ́n á ní: "Aráàlú ò lówó. Àdìrẹ ojúlówó ti wọ́n. Ẹ jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí nǹkan fi ránṣọ." Òótọ́ ni pé ìlú le. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí mẹ̀kúnnù má wọ aṣọ títẹ̀? Tẹ àwòrán tìrẹ síbẹ̀. Tẹ òdòdó, tẹ ẹyẹ, tẹ ẹja. Pè é ní aṣọ títẹ̀, tà á níye tó yẹ kó jẹ́. Àwọn èèyàn á rà á. Ohun tó burú ni kó o gbé iṣẹ́ ìyá kan, kó o tẹ̀ ẹ́, kó o sì tún gba orúkọ ìyá náà lé e lórí. Tó bá jẹ́ torí mẹ̀kúnnù ni, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú yín fi ń tà á níye tó sún mọ́ ti ojúlówó lórí Instagram? Ìyá aláró pàdánù, mẹ̀kúnnù náà pàdánù. Ẹ má fi mẹ̀kúnnù bojú o jàre.

Wọ́n á ní: "Bí èmi ò bá kó o wá, ẹlòmíì á kó o wá." Bó ṣe rí nìyẹn nípa gbogbo ohun tí kò dáa láyé. Ẹni tó ń gbé epo lájà náà lè sọ ọ́. Àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó ń gba epo ló tún lọ gbé àkàsọ̀ wá.

Wọ́n á ní: "Áńkárá tí ẹ wọ̀ ńkọ́? Ṣé tiwa ni?" Èyí ló gbọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ ká dá a lóhùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, áńkárá kì í ṣe tiwa láti ìpilẹ̀. Àwọn ará Java ní Indonésíà ló ń fi ìda ṣe aṣọ wọn lọ́wọ́. Àwọn ará Holland wò ó, wọ́n gbé ẹ̀rọ sídìí ẹ̀. Vlisco, tó bẹ̀rẹ̀ ní Helmond ní ọdún 1846, wà lára wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, ó sì wá rí ọjà ńlá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí. Ẹ máa wo ohun tí ẹ ń tọ́ka sí: iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kan tí ẹ̀rọ àwọn mìíràn gbé. Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ará Java ni ẹ fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ Ẹ̀gbá?

Ìtàn náà ò sì parí síbẹ̀. Ní Lomé, àwọn obìnrin oníṣòwò kan gba òwò aṣọ Holland yìí kanlẹ̀. Wọ́n lówó débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní Nana Benz. Ohun tó jẹ́ agbára wọn ni pé bátànì kan lè jẹ́ ti obìnrin kan ṣoṣo láti tà. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tà á. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì, aṣọ Holland wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò mìíràn gbéra, wọ́n kó bátànì náà lọ sí Ṣáínà, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tẹ irú ẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Wọ́n jèrè lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti rí bátànì, tó ti mọ àwọ̀ tí ọjà fẹ́, tó ti mọ èbúté tí ẹrù ń gbà wọlé, kí ló tún fẹ́ fi alárinà ṣe? Kò pẹ́ tí ẹlòmíì bá gba ọ̀nà kan náà, kò sì pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn náà bá wọ ọjà. Ẹ béèrè ní Kantin Kwari ní Kánò, àwọn oníṣòwò aṣọ ibẹ̀ náà ti kígbe ọ̀rọ̀ yìí títí ohùn wọn fi há.

Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti dé báyìí, ẹni tó gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ tí ẹni yẹn ò mọ̀ ni ohun tí ọjà ilé fẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ́ àdìrẹ sórí tábìlì ẹ̀, ẹ ti sọ fún un. Ẹ ti sanwó fún un kó lè kọ́ iṣẹ́ yín. Tí a ò bá tiẹ̀ sọ ti ìyá aláró, ẹ rò ti ara yín.

Kí wá ni ṣíṣe? A ò fẹ́ bú èèyàn ká má fọ̀nà hàn án.

Ẹ padà sí ohun tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti mọ̀ láyé Manchester. Ẹ kó aṣọ funfun wá. A ò lè sọ pé kí ẹ rà á nílé nìkan. Ọdún 1957 kan náà tí Canton Fair bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá Kaduna Textiles sílẹ̀, ní 2002 ó ti kógbá sílé, ẹ sì mọ èyí tó ṣì ń ṣí nínú méjèèjì. Tí ilé iṣẹ́ aṣọ bá tún dìde nílé, ibẹ̀ ni ká kọ́kọ́ lọ. Títí dìgbà yẹn, aṣọ òwú funfun tó nípọn tó sì mu aró dáadáa jẹ́ nǹkan tí gbogbo aláró ń wá. Ìrìn àjò wúlò fún èyí gan-an, torí wọ́n máa ń pe polyester ní òwú fún èèyàn. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára ẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bíi bébà, á di eérú. Polyester á yọ́, á dì sí kóró líle. Aró tí àwọn ìyá wa ń lò kì í mú polyester. Fóònù ò lè ṣe àyẹ̀wò yìí fún yín.

Ẹ mú aláró kan dání lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, a sọ ọ́. Ẹ̀yin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ jọ ń lọ, ẹ dá owó jọ, kí ẹ mú ẹnìkan tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ pa aró dání. Òun ló máa mọ aró tó máa ṣí àti èyí tí kò ní ṣí. Òun ló máa wo ìbọ̀wọ́ bóyá ó nípọn tó, torí ọwọ́ ẹ̀ ni sóódà ń jẹ. Òun ló máa rí ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá, ìkòkò, àdògán gáàsì, òṣùwọ̀n, tí á sọ pé: "Eléyìí á gbà mí lọ́wọ́ èéfín." Irú ọjà yẹn kì í ṣe ọjà ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó ra aró lónìí á tún ra aró lóṣù tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kó àdìrẹ dání lọ, ẹ kó o lọ láti tà á. Ẹ wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Àwọn oníbàárà láti gbogbo ayé ló ń pàdé níbi ọjà wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá aṣọ tí ẹlòmíì ò ní. Àmọ́ kó má fi ọwọ́ yín sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní rólà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rìnrìn àjò, tí orí fóònù lẹ ti ń rajà, iṣẹ́ tiyín náà ò le. Ẹ yí aṣọ sódì. Àdìrẹ tí wọ́n rì sínú aró, ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ojú ẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣì, bí ìgbà tí aṣọ ti ṣá. Ẹ wo àwọn ìlà tí ìda sán sí. Tí ìlà kan náà bá tún padà wá ní ìwọ̀n kan náà lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ "àdìrẹ Abẹ́òkúta" sábẹ́ àwòrán, ẹ bi í léèrè ní gbangba, kì í ṣe nínú DM: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ta ló pa á láró?" Ẹni tó bá ní ojúlówó, inú ẹ̀ á dùn sí ìbéèrè náà. Á dárúkọ ìyá náà fún yín, bóyá á tiẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní, á bú yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti ṣe, a ò ní kó má ṣe é. Iná ò sí, ọ̀nà ò dára, owó yíyá wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló máa wà nínú yàrá yẹn nígbà tí oníṣẹ́ bá gbé ife tíì gbígbóná síwájú yín, tó rẹ́rìn-ín, tó sì bi yín pé: "Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?" Ẹ̀yin nìkan lẹ máa dáhùn. Kí ìdáhùn yín jẹ́ ohun tí ẹ lè tún sọ lójú àwọn ìyá tó wà ní Kémta.